Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Fíìmù Àyìnlá àti Ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí a ròyìn ìjà fún lè bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ oníròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìjà ṣojú rẹ̀ kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Agbára yìí gan-an ni fíìmù ní ju ìwé àti ìtàn àtẹnudẹ́nu lọ. Òkùnkùn ṣú nínú gbọ̀ngàn sinimá, àwòrán tàn sára ògiri, òǹwòran sì rí ẹni tí ó ti kú láti nǹkan bí ogójì ọdún tí ó ń kọrin, tí ó ń jà, tí ó sì ń ṣubú. Nígbà tí ó bá jáde, kò ní sọ pé wọ́n ròyìn fún òun. Ohun tí yóò sọ ni pé òun rí i. Bẹ́ẹ̀ ìròyìn náà ni fíìmù jẹ́. Ẹnì kan ni ó yan ohun tí àwòrán yóò fi hàn, ẹni náà ni ó sì pinnu ibi tí àwòrán yóò parí sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan fíìmù Àyìnlá, tí Túndé Kèlání darí, tí Jade Osiberu sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ó jáde sí àwọn gbọ̀ngàn sinimá ní ọjọ́ 18, oṣù Okúdù, ọdún 2021. Ẹni tí ó dá lé lórí ni Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó kú ikú oró ní ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni a bí lẹ́yìn tí olórin yìí ti di ẹni ilẹ̀. Fún irú wọn, ohun tí fíìmù bá sọ ni ìtàn. Nítorí náà, ó yẹ kí a béèrè: èwo ni ìtàn nínú iṣẹ́ náà, èwo sì ni eré? Kí ni ó sọnù nígbà tí ìtàn di eré? Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé fíìmù náà jẹ́ ẹlẹ́rìí rere nípa ìlú, ìgbà àti ìṣesí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbára lé nípa ohun tí ó pa Àyìnlá. Àti pé ẹni tí ó bá mọ ikú Àyìnlá nìkan kò tí ì mọ ìdí tí ó fi yẹ kí a máa rántí rẹ̀.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìtòkò

Ní nǹkan bí ọdún 1933 ni wọ́n bí Àyìnlá ní àdúgbò Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta. Alágbẹ̀dẹ ni Yusuf Gbogbolówó, baba rẹ̀. Nídìí ọmọ owú àti ẹwìrì ni ọmọ náà sì ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ṣe. Kò rí ilé-ìwé lọ. Bí ó ti ń dàgbà, ó gbìyànjú oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́, tí ó fi mọ́ ọkọ̀ wíwà àti ẹran pípa, kò sì sí èyí tí ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí nínú wọn. Onílù ni ó fà á yọ. Adéwọlé Aláò, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Onílùọlá, ni ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó sì mọ̀ pé ohùn náà yàtọ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn Àyìnlá àti ìlù Adéwọlé ti di ohun tí etí kò fẹ́ gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Kì í ṣe Àyìnlá ni ó dá àpàlà sílẹ̀. Orin tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ni, èyí tí gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, akúbà àti àgídìgbo máa ń gbè. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ti ń ṣe àwo láti ọdún 1948. Àgbà ni ó sì jẹ́ nínú iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1983. Ní Abẹ́òkúta pàápàá, Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà, ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ kí Àyìnlá tó dé, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1978 tí ó jáde láyé. Láàrin irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ní láti wá àyè tirẹ̀. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó mú àpàlà yára. Níbi tí Hárúnà ti ń fi sùúrù to ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ àti oríkì lé ara wọn, Àyìnlá mú kí ìlù gbóná, ó sì mú ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá, èdè ọjà àti ti ìgboro, wọ inú orin láìbò ó mọ́lẹ̀.

Àkókò náà gbè é. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1970. Owó epo ń wọlé, ìnáwó òkú, ti ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ giramafóònù sì ń di ohun tí ẹni tí ó rí jájẹ ń gbé sí pálọ̀. Ilé-iṣẹ́ EMI gbà á wọlé. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, ó ṣe bí ogún àwo ńlá. Ẹni tí kò ka ìwé wá di ẹni tí àwọn ọlọ́lá ń du ibi tí wọn yóò jókòó sí lóde eré rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Eégúnmọ́gàjí. Wọ́n tún ń pè é ní Hadji Costly.

Ṣùgbọ́n òkìkí kò wẹ ìwà ìgboro kúrò lára rẹ̀. Ó ń mu igbó, inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú fún olórin tí ó bá ń bá a díje. Ó fi orin na àwọn alátakò ní pàṣán. Ó fi orin bá àwọn obìnrin tí ń bó ara wí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí etí òde òní kò ní fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ dáradára kò gbọdọ̀ gbé èyí jù sẹ́yìn, nítorí inú ìwà kan náà ni òkìkí rẹ̀ àti ikú rẹ̀ ti jáde wá.

Àwo orin gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn

Ohun tí ó sọ Àyìnlá di ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láàrin ọdún mẹ́wàá náà ni ó wà nínú orin rẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù Igbe, ọdún 1972, àwọn awakọ̀ Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Ní ìparí ọdún 1973, ìjọba ka ènìyàn. Iye tí wọ́n kéde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 80, awuyewuye sì pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé ìjọba Murtala Muhammed fagi lé e ní 1975. Ní 1974, ìgbìmọ̀ Udoji dábàá pé kí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sókè. Nígbà tí owó náà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tòun ti àjẹsílẹ̀ ní 1975, ọjà gbówó lérí, inú ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì dùn. Àyìnlá kọrin lórí ìyípadà ìwakọ̀, ó kọrin lórí ìkànìyàn, ó kọrin lórí owó Udoji, ó sì kọrin lórí owó ilé ní Èkó.

Ó yẹ kí olùkọ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òfin ìwakọ̀ wà nínú ìwé ìjọba, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ìwé ìròyìn gbé e, ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta aṣọ ní ọjà Ìtòkú àti awakọ̀ tí kò kọjá ilé-kéú kò lè kà á. Nínú ilé ọtí, nínú gárèjì àti lóde ìnáwó ni irú wọn ti gbọ́ àlàyé, láti ẹnu ẹni tí òun náà kò lè kà á. Nípa báyìí, àwo Àyìnlá ṣe iṣẹ́ méjì: ó sọ ohun tí ìjọba fẹ́, ó sì tún pa ìmọ̀lára àwọn tí òfin náà dé bá mọ́. Ìwé ìjọba lè sọ ọjọ́ tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀. Kò lè sọ bí ẹ̀rù ti ba ará ìlú tó àti irú àwàdà tí wọ́n fi ṣe. Òpìtàn tí ó bá ń wá ohùn mẹ̀kúnnù ní ọdún 1970 sí 1980 kò rí orísun púpọ̀ tí ó dára ju èyí lọ.

Lóòótọ́, àwo orin náà ní àbùkù tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Olórin ń jẹun lábẹ́ ẹni tí ó ń kì, orúkọ tí ó bá sì dárà nínú àwo lè jẹ́ ti ẹni tí ó náwó jù. Bí ó bá ń bu alátakò rẹ̀, ẹjọ́ apá kan ni. Ṣùgbọ́n a mọ àbùkù yìí, a sì lè wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rí tí a mọ ibi tí ó ti wọ́ sàn ju èyí tí ó dà bí ẹni pé ó tọ́ gbọnrangandan lọ.

Túndé Kèlání àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀

Kì í ṣe àjèjì ni ó gbé ìtàn Àyìnlá sórí ògiri. Èkó ni wọ́n bí Túndé Kèlání sí ní 1948, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ bàbá-bàbá rẹ̀, ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó sì ti lọ sí ilé-ìwé. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ní ọdún tí Àyìnlá kú. Kí ó tó ṣe fíìmù yìí, ó ti fi Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, Saworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002 fi hàn pé sinimá Yorùbá lè gbé èdè, àṣà àti ìṣèlú láìsọ wọ́n di yẹpẹrẹ.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ya Àyìnlá, èrè rẹ̀ sì hàn. Àwọn òrùlé páànù tí ó ti dógùn-ún, òpópónà tí ń gòkè tí ń sọ̀ láàrin àpáta, ìránṣọ ìgbà náà, fìlà, ọkọ̀, bí àwọn onílù ti ń jókòó yí olórin ká, bí a ti ń náwó fún un: gbogbo ìwọ̀nyí ni fíìmù náà fi hàn pẹ̀lú àkíyèsí ẹni tí ó mọ ìlú náà. Látẹ́ẹ̀fù Adédiméjì, tí ó ṣe Àyìnlá, gbé ìgbéraga, àwàdà àti ìbínú ọkùnrin náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Fíìmù náà kò sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ó fi hàn pé ẹni tí ó lẹ́bùn lè jẹ́ ẹni tí ó ṣòro láti bá gbé. Lórí ìṣesí àti ìgbà, nígbà náà, olùkọ́ lè fi fíìmù yìí kọ́ ọmọ láìbẹ̀rù.

Ibi tí eré ti yà kúrò lára ìtàn

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ni ti àkókò. Fíìmù náà kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé àgbẹ̀dẹ. Ìgbà ìkẹyìn ayé Àyìnlá ni ó dì mú, nígbà tí òkìkí ti dé, tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti gbé e lọ kọrin ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nítorí náà, òǹwòran rí èso, kò rí gbòǹgbò. Kò rí bí ogún àwo ti jáde ní ọdún mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bí ọmọ tí kò kàwé ti di olùtúmọ̀ òfin fún ará ìlú.

Ìyàtọ̀ kejì, tí ó wúwo jù, ni ti ohun tí ó fa ikú. Nínú fíìmù, ìfẹ́ obìnrin kan wọ àárín Àyìnlá àti mánéjà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì tún bu epo sí iná. Orúkọ tí fíìmù fún mánéjà náà pàápàá yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀ gan-an. Ohun tí ó wà nínú ìtàn kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Àyìnlá àti ẹni tí ó ti jẹ́ mánéjà rẹ̀ ti pínyà. Alùpùpù kan, tí Àyìnlá kà sí tirẹ̀, ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, Àyìnlá sì fẹ́ gbà á padà. Ní ọjọ́ 6, oṣù Èbìbí, ọdún 1980, wọ́n pàdé nínú ilé ọtí kan ní Agò-Ìká, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, mánéjà àtijọ́ náà sì fi ife bíà lu Àyìnlá lórí. Ọgbẹ́ náà ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó jẹ́ ẹni nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Festus Adedayo, akọ̀ròyìn tí ó kọ ìwé lórí ìgbésí-ayé olórin náà, èyí tí ó jáde ní 2020, ti tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lẹ́yìn fíìmù yóò rí i pé orin kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlù yàtọ̀.

Kí ni ó mú kí eré yí ìdí ìjà padà? Ìdáhùn kò ṣòro. Eré ń fẹ́ okùn kan ṣoṣo tí yóò so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin. Òǹwòran lè gbà pé ọkùnrin pa ọkùnrin nítorí obìnrin. Bóyá kò ní gbà pé ohùn tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń jó sí parẹ́ nítorí alùpùpù. Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ òkèèrè. Fíìmù Ray, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 nípa Ray Charles, àti La Bamba ti 1987 nípa Ritchie Valens, tí ọkọ̀ òfuurufú pa ní 1959, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú ọ̀nà kan náà: ìṣẹ́, ìjádelẹ́wà, òkìkí, ìdánwò, àti ìṣubú tàbí ikú. Ojú ọ̀nà yìí ti wà kí olórin tó bọ́ sórí rẹ̀. Ẹ̀sẹ̀ ẹni tí kò bá bá a mu, wọn a gé e díẹ̀ kí ó lè bá a mu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó sọnù níbẹ̀ kò kéré. Ikú nítorí ìfẹ́ ń dún bí ìtàn àtijọ́. Ó ń fi ẹwà díẹ̀ sí ìparun. Ikú nítorí alùpùpù kò ní ẹwà kankan. Ó fi bí ẹ̀mí ti fúyẹ́ tó hàn ní ibi tí ọtí, owó àti ìgbéraga bá ti pàdé. Ẹni tí ó fi orin kìlọ̀ fún gbogbo ayé kò rí ẹni tí yóò kìlọ̀ fún òun ní ọjọ́ náà. Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni. Sùúrù ni baba ìwà. Nínú ìtàn gidi ni òwe yìí ti jinlẹ̀ jù, kì í ṣe nínú eré.

Kì í ṣe Àyìnlá nìkan

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti ka eré onítàn Yorùbá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí òun àti Kèlání jọ ṣe Saworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀, kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Nínú eré náà, ìkà Ìyálóde sí àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó fa ìparun rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi iyè gba èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé bí a bá dárúkọ Ẹfúnṣetán, ìkà ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí ó jáde ní 1921, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun padà dé. Ọ̀rọ̀ agbára àti ogun ni. Eré mú ọ̀rọ̀ ìwà ènìyàn wá síwájú, ó sì ti ọ̀rọ̀ ìṣèlú sẹ́yìn.

Kò sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé eré Ìṣọ̀lá kò dára. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó lágbára jù nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ni. Ohun tí ó yẹ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ irú ìbéèrè tí ó tọ́ sí eré, kí ó sì mọ èyí tí ó tọ́ sí ìtàn. Bí ìdánwò bá béèrè nípa ìfìwàwẹ̀dá, eré ni kí ó fi dáhùn. Bí ó bá béèrè nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó wá ẹ̀rí kún un.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, ìbéèrè mẹ́rin tó. Èkíní, apá wo nínú ayé ẹni náà ni eré yàn, apá wo ni ó sì fi sílẹ̀? Èkejì, orúkọ ta ni wọ́n yí padà? Níbi tí orúkọ bá ti yí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ti yí. Ẹ̀kẹta, kí ni eré sọ pé ó fa ọ̀ràn, ǹjẹ́ orísun mìíràn sì gbè é? Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan? Lórí ti Ẹfúnṣetán, ìdáhùn ìbéèrè kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ rárá; ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni a ti ń gbọ́ ọ. Lórí ti Àyìnlá, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Ohùn rẹ̀ wà.

Àgbálọgbábọ̀

Fíìmù Àyìnlá ti ṣe oore kan tí kò ṣeé kó dà nù: ó jí orúkọ olórin náà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá a láyé. Ó tún fi ìlú Abẹ́òkúta ti ìgbà náà sílẹ̀ fún ojú láti rí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ bí àfojúbà, ó lè mú kí òǹwòran rò pé òun ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ìjà ìkẹyìn ni ó rí, ìdí rẹ̀ pàápàá sì ti yí padà. Bí ọmọ ilé-ìwé bá mọ Àyìnlá sí ẹni tí ó kú nínú ìjà obìnrin nìkan, ó ti pàdánù ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó ṣàlàyé ìwakọ̀ apá ọ̀tún, ìkànìyàn àti owó Udoji fún àwọn tí kò lè ka ìwé ìròyìn.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fi fíìmù náà han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n tú ká bí ó ti parí. Kí ó fi ọ̀kan nínú àwọn àwo náà sí i fún wọn, kí ó ní kí wọ́n tẹ́tí sí ohun tí olórin ń sọ nípa ọdún tí ó kọ ọ́, kí wọ́n sì wá ọdún náà nínú ìwé ìtàn. Wọn yóò rí i pé ìròyìn mẹ́ta ni ó wà níwájú wọn, ti fíìmù, ti ìwé àti ti olórin fúnra rẹ̀, àti pé iṣẹ́ òpìtàn bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ti ṣe déédéé.